Àmì Ohùn Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́, Ẹ̀ṣọ́ Ni

 

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò tíì fara gbá nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń kọ èdè Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà ni, àti nípa ẹ̀ṣọ́ tí ó yẹ kí a fi sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ìwé tí a bá fẹ́ tẹ̀ jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí pé ẹ̀bi tí ó mú mi kọ ọ́, ẹ̀bi èmi fúnra mi ni.

Ní Ramadan ọdún kan, èmi ni a fún ní iṣẹ́ láti kọ ìkéde kúkúrú nípa sàká ìtúnu ààwẹ̀. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé, “Ẹ máa yọ sàká yín kí ẹ tó lọ sí Yídì.” Ohun tí ọwọ́ mi tẹ̀ ni pé, “Ẹ má yọ sàká yín kí ẹ tó lọ sí Yídì.” Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo fò, àṣẹ sì di èèwọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó máa ń ka ìwé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti wọn ìrẹsì tirẹ̀ sínú àpò ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọdún. Nígbà tí ó ka ìkéde náà, ó gbé àpò náà padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdún ni ó tó gbé e fún àwọn aláìní, nígbà tí àsìkò sàká náà ti kọjá, tí ohun tí ó fi tọrẹ ti di sàárà lásán. Nígbà tí a ṣàlàyé fún un, kò bínú. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: “Àáfà, ẹ̀yin ni ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dún ní etí mi títí di òní. Ẹni tí ó bá gba ìwé wa gbọ́ ti fi ẹ̀sìn rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Amánà ni. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé àkọtọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi ìwé pe ènìyàn sí ojú ọ̀nà Ọlọ́hun.

Ohun tí àwọn ẹni ìṣáájú ṣe

Àmì kékeré ti ń yí ìtumọ̀ padà tipẹ́tipẹ́, àwa kọ́ ni a sì kọ́kọ́ bá a pàdé. Àwọn onímọ̀ gbà á wá pé ẹnìkan ń ka Sūratu Tawbah, ó sì dé aaya kẹta, níbi tí Ọlọ́hun ti kéde pé Òun àti Òjíṣẹ́ Òun mọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀ṣẹbọ. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún “Òjíṣẹ́ Rẹ̀”, níbi tí ó yẹ kí ó ti pe “u”, “i” ni ẹni náà pè. Ohun tí gbólóhùn náà wá ń sọ ni pé Ọlọ́hun mọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀ṣẹbọ àti kúrò nínú ọ̀rọ̀ Òjíṣẹ́ Rẹ̀. A sá di Ọlọ́hun! Ẹni náà kò gbèrò ibi. Fáwẹ̀lì kan ni ó ṣì pè.

Abu al-Aswad ad-Du'ali, onímọ̀ ìlú Basra tí ó kú ní ọdún 69 lẹ́yìn Hijira, ni a sọ pé ọ̀rọ̀ yìí bà lẹ́rù. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì tó-ó-tò-ó sí ara lẹ́tà Àlùkùránì pẹ̀lú tàdáwà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ahọ́n má bàa ṣìnà. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn Hijira, al-Khalil ibn Ahmad al-Farahidi, tí òun náà ṣiṣẹ́ ní Basra, sọ àwọn tó-ó-tò-ó wọ̀nyẹn di àwọn àmì tí àwọn ọmọ ilé-kéwú wa ń kà lórí wàláà títí di òní. Al-Khalil yìí kan náà ni ó dá ìwé Kitab al-Ayn sílẹ̀, èyí tí a kà sí ìwé atúmọ̀-èdè àkọ́kọ́ fún èdè Lárúbáwá. Ẹ wò ó bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe tọ ara wọn lẹ́yìn: àmì kọ́kọ́, àkójọ ọ̀rọ̀ tẹ̀lé e. Iṣẹ́ méjèèjì yìí náà ni mo ń bẹ̀ wá pé kí a ṣe fún èdè tiwa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa, nítorí ìtara fún Sunnah, yóò béèrè bóyá irú nǹkan báyìí kì í ṣe àdádáálẹ̀. Ìdáhùn wà nínú ìtàn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán. Àwọn Àlùkùránì tí a kọ ní ìgbà Ùsúmáánù (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) kò ní àwọn àmì wọ̀nyí lára, síbẹ̀ ìjọ Mùsùlùmí tẹ́wọ́ gbà wọ́n, nítorí pé wọn kò fi ohunkóhun kún ìjọ́sìn. Irinṣẹ́ ìṣọ́ ni wọ́n. Àdádáálẹ̀ ni kí a mú ohun tí kò sí nínú ẹ̀sìn wọ inú ẹ̀sìn. Ẹni tí ó fi ìlẹ̀kùn sí ilé kò tíì yí ilé padà.

Èdè tiwa kò sì rọrùn ju ti Lárúbáwá lọ

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó máa ń wọ inú ìwé wa lóṣooṣù. A máa ń kọ̀wé nípa ìrun. Bí a bá mú àmì orí lẹ́tà àkọ́kọ́ kúrò, irun orí ni a ń sọ. A máa ń kọ̀wé nípa ẹ̀sìn. Bí ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà ní ìparí bá di ohùn òkè, ẹ̀sín ni, èyí tí í ṣe yẹ̀yẹ́; bí àmì bá sì bọ́ sí abẹ́ “s”, tí àwọn tòkè bọ́ dànù, ẹṣin tí a ń gùn ni. A ń ṣàlàyé bí a ṣe ń pín ogún gẹ́gẹ́ bí Sūratu Nisā' ti là á sílẹ̀. Bí àmì bá bọ́, a ti pín ogun, ìyẹn ìjà; bí a bá sì ṣèèṣì fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ kún lẹ́tà iwájú, òrìṣà ni a fi sórí ìwé, tí a sì ń sọ fún àwọn ọmọ òkú pé kí wọ́n lọ pín in. Àwọn tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ wa kò nílò ẹ̀rí mìíràn láti fi wá rẹ́rìn-ín.

Ìṣòro kejì ni ti àṣà ìkọ̀wé tí ó yí padà. Ní ọdún 1974 ni ìjọba gba àkọtọ́ tí a ń lò báyìí wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀sìn tí ó wà nínú àpótí àwọn bàbá wa ṣì ń kọ “aiye”, “enia” àti “nwọn”, níbi tí a ti ń kọ “ayé”, “ènìyàn” àti “wọ́n”. Ẹni tí ó bá dà wọ́n kọ yóò kó àtijọ́ àti tuntun pọ̀ sínú gbólóhùn kan náà.

Ìṣòro kẹta ni ó dùn mí jù. Àwọn ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù nínú èdè Yorùbá kò tíì ní ìdúró kan. Nínú ìwé kan ṣoṣo ti wa, mo ti rí Ìsìláàmù, Ìsláàmù àti Islam; mo ti rí mọ́sáláṣí àti mọ́ṣáláṣí; mo ti rí Àlùkùránì, Kùránì àti Al-Qur'an. Kò yani lẹ́nu. Àwọn àlùfáà wa ti ìgbà àtijọ́ fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá, pàápàá ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a ń lò lónìí, ọwọ́ àwọn oníwàásù Kìrìsìtẹ́nì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ Àlùkùránì sí Yorùbá tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1906 pàápàá, ọwọ́ àlùfáà ìjọ Kìrìsìtẹ́nì kan, M. S. Cole, ni ó ti jáde. N kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ yóò jẹ́ tirẹ̀. Bí àwa náà kò bá jókòó kí a fi ẹnu kò lórí bí a óò ṣe máa kọ àwọn ọ̀rọ̀ wa, ẹlòmíràn yóò bá wa yàn.

Bí ẹ̀ṣọ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà ni ó ní àyẹ̀wò àkọtọ́ nínú. Ìlà pupa tí ẹ máa ń rí lábẹ́ ọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò gbọ́ èdè kankan. Àkójọ ọ̀rọ̀ kan ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá wà nínú àkójọ náà, yóò jẹ́ kí ó kọjá. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, yóò fa ìlà sí i lábẹ́. Nítorí pé àkójọ tí ó sábà máa ń bá ẹ̀rọ wá jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ojú ìwé Yorùbá máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá ṣí i. Kí ni a máa ń ṣe? A máa ń pa á. Bí mo ti ṣe nìyẹn ní ọdún ìkéde sàká yẹn: mo lé ẹ̀ṣọ́ lọ nítorí pé kò mọ ará ilé. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe ni kí n fi ará ilé hàn án.

Vim ni ètò tí mo fi ṣe é. Bram Moolenaar, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands tí ó kú ní ọdún 2023, ni ó gbé e jáde ní ọdún 1991. Ọ̀fẹ́ ni; ohun tí ó bẹ àwọn tí ń lò ó ni pé kí wọ́n ṣèrànwọ́ fún àwọn ọmọ aláìní ní Kibaale ní Uganda. Láti ọdún 2006, nígbà tí ẹ̀dà keje jáde, ni àyẹ̀wò àkọtọ́ ti wà nínú rẹ̀, ó sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi àkójọ ọ̀rọ̀ èdè tirẹ̀ sí i. Orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó ti ń rọ́ kẹ̀kẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Iṣẹ́ tí ó kù ni ti script, ìyẹn ìwé àṣẹ kúkúrú tí kọ̀ǹpútà máa ń tẹ̀ lé láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìfò ọ̀kankan. Tiwa kò ju ojú ìwé kan lọ, ohun tí ó sì ń ṣe nìyí.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń kó gbogbo ìwé wa tí a ti yẹ̀ wò dáadáa tẹ́lẹ̀ jọ sí ojú kan.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó ń sọ gbogbo lẹ́tà di ẹyọ kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń kọsẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lẹ́tà bíi “ẹ́” kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò lẹ́tà àgbáyé tí à ń pè ní Unicode. Kíkó ni a máa ń kó o pọ̀. Ẹnìkan lè tẹ “ẹ” kí ó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ “é” kí ó fi àmì sí i lábẹ́. Ẹlòmíràn lè tẹ “e” lásán kí ó wá fi méjèèjì sí i. Lójú ènìyàn, ohun kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí a kò bá tún èyí ṣe, ẹ̀ṣọ́ yóò máa lé ọmọ ilé nítorí pé ó wọ aṣọ mìíràn. Irinṣẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ uconv. Bí a bá pàṣẹ fún un pé “uconv -x any-nfc”, yóò sọ gbogbo wọn di irú kan ṣoṣo. Àwọn kan sì máa ń lo ìlà kékeré tí ó dúró gangan lábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tó-ó-tò-ó. Uconv kò ní í yí ìyẹn padà, nítorí náà a fi ìlà àṣẹ kan kún un tí ó ń pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń fọ́ ìwé sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lórí ìlà kan, ó ń yọ nọ́ńbà àti àmì ìdánudúró kúrò, ó ń tò wọ́n, ó sì ń ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹyọ. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹyọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni a kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀ tán, nítorí pé àṣìṣe tí a ti ṣe nígbà ọgọ́rùn-ún kì í di òtítọ́.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ń pe Vim pé kí ó fi àṣẹ “mkspell” sọ àkójọ náà di fáìlì tí ẹ̀ṣọ́ lè yára kà. Orúkọ fáìlì náà ni yo.utf-8.spl, inú àpò “spell” tí ó wà nínú àpò “.vim” ni a sì ń fi í sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó bá ń kọ̀wé yóò pàṣẹ pé “:setlocal spell spelllang=yo”, Yorùbá yóò sì di ará ilé. Bí ó bá tẹ “]s”, yóò dé orí ọ̀rọ̀ tí ó kàn tí ẹ̀ṣọ́ kò mọ̀; bí ó bá tẹ “z=”, yóò rí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ọn; bí ó bá sì tẹ “zg”, ọ̀rọ̀ náà yóò wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí a gbà. A tún fi ìlà àṣẹ kan sínú fáìlì .vimrc, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ìwé tí a bá ṣí ni ẹ̀ṣọ́ yóò ti dúró sí láìjẹ́ pé ẹnìkan rántí rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí a gbọ́dọ̀ jí kí ó tó ṣọ́lé kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó sùn.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Mo ti sọ ohun rere nípa ẹ̀rọ yìí. Ó di dandan kí n sọ òtítọ́ tí ó kù. Nígbà tí mo parí ètò náà, ohun tí mo kọ́kọ́ fi dán an wò ni ìkéde sàká yẹn. Mo tẹ ẹ́ bí mo ti tẹ̀ ẹ́ ní ọdún náà: “Ẹ má yọ sàká yín.” Ẹ̀rọ náà kò sọ nǹkankan. Kò sí ìlà pupa kankan. Kí ló dé? Nítorí pé “má” jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó dára, “máa” náà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó dára. Ẹ̀ṣọ́ mọ ẹni tí ó jẹ́ ará ilé. Kò mọ yàrá tí ó yẹ kí ó wọ̀.

Nínú èdè tiwa, ewu yìí pọ̀ ju bí ó ti pọ̀ nínú èdè àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ náà lọ. Ohùn mẹ́ta ni a ní, ohùn àárín kì í sì í gba àmì. Nítorí náà, àìsí àmì pàápàá, àmì ni. Ẹni tí ó kọ “ogun” láìsí àmì nítorí ìkánjú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ogún ni ó ní lọ́kàn, ti kọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó pé pérépéré. Bẹ́ẹ̀ náà ni “irun”, bẹ́ẹ̀ náà ni “ọkọ”, bẹ́ẹ̀ náà ni “igba”. Ẹ̀rọ kò ní í fura sí wọn láéláé.

Ọ̀nà tí mo rí gbé e gbà ni èyí. Vim gbà kí a fi àmì “/?” sí ìdí ọ̀rọ̀ nínú àkójọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà tọ́ ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀, yóò wá fi àwọ̀ mìíràn hàn án, yàtọ̀ sí ti àṣìṣe. A jókòó, a sì kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó lè ba ìdájọ́ ẹ̀sìn jẹ́ bí wọ́n bá ṣì sí àyè ara wọn: má, irun, ogun, ẹ̀sín, ọrùn tí ó lè gba ipò ọ̀run, àti irú wọn. Script náà ń kọ́kọ́ yọ wọ́n kúrò nínú àkójọ gbogbogbòò, nítorí pé bí wọ́n bá wà ní ibi méjèèjì, ẹ̀ṣọ́ yóò kàn jẹ́ kí wọ́n kọjá, lẹ́yìn náà ni ó ń dá wọn padà pẹ̀lú “/?” ní ìdí. Nísinsìnyí, ibikíbi tí “má” bá ti jẹyọ, yóò tàn, ẹni tí ń kọ̀wé yóò sì bi ara rẹ̀ léèrè pé, “Ṣé kíkọ̀ ni mo ń kọ̀, àbí pípàṣẹ ni mo ń pàṣẹ?” Ìbéèrè kékeré yẹn ì bá ti gba ìyá wa sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ eléwu yìí má ju ogójì lọ. Ajá tí ó bá ń gbó ní gbogbo ìgbà, kò sí ẹni tí yóò jáde wo ohun tí ó ń gbó mọ́.

Ìdáhùn fún àwọn arákùnrin wa

Àwọn kan sọ fún mi pé Yorùbá ni a bí wa, a ń ka ìwé tí kò ní àmì, a sì ń gbọ́ ọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ara wọn. Ẹni tí ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ kà máa ń kà á bí ó ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀sìn, ẹni tí kò tíì mọ̀ ni a kọ ọ́ fún. Ìyá tí ó gbé ìrẹsì rẹ̀ padà, Yorùbá ni òun náà. Kí a má sì gbàgbé àwọn ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí wọn kò gbọ́ Yorùbá tó, tí ó jẹ́ pé ojú ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Bí a bá kọ ọ́ ní àkọgbé fún wọn, ní àkọgbé ni wọn yóò pè é.

Àwọn mìíràn sọ pé ẹ̀rọ yóò sọ àwọn akọ̀wé wa di ọ̀lẹ. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí, n kò sì kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá rí i pé kò sí ìlà pupa mọ́, tí ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí, ti tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tí ó tún burú jù ni kí ènìyàn, nítorí ìkánjú, tẹ “zg” lórí ọ̀rọ̀ tí kò tọ̀nà. Ó ti kọ́ ẹ̀ṣọ́ ní irọ́ nìyẹn, ẹ̀ṣọ́ yóò sì máa fi irọ́ náà ṣọ́ wa. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé kí ẹnikẹ́ni dá nìkan fi ọ̀rọ̀ kún àkójọ.

Kíka ìwé sókè kò sì gbọdọ̀ parẹ́. A gbọ́ nínú hádíìsì pé Malaika Jibrīl máa ń bá Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dá Àlùkùránì kà ní ọdọọdún nínú Ramadan, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a kà ní ọdún tí Ànábì fi ayé sílẹ̀. Bí ẹni tí ó gba ìmísí láti òkè bá ń dá a kà, ta ni àwa tí a óò kọ̀wé lálẹ́ tí a óò tẹ̀ ẹ́ jáde láàárọ̀? Kí ẹnìkan máa kà, kí ẹlòmíràn máa fi ojú tẹ̀ lé e. Ibi tí ojú bá ti sùn, etí yóò jí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Mo bẹ gbogbo ẹ̀ka wa pé kí a ṣe nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí a yan ènìyàn mẹ́ta sí iṣẹ́ yìí: àlùfáà kan tí ó gbọ́ èdè Lárúbáwá dáadáa, olùkọ́ èdè Yorùbá kan, àti ọ̀dọ́ kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ó mọ kọ̀ǹpútà. Àwọn ni kí ó máa pinnu ọ̀rọ̀ tí yóò wọ inú àkójọ, àwọn ni kí ó sì fi ẹnu kò lórí bóyá Ìsìláàmù tàbí Ìsláàmù ni a óò máa kọ. Èyí tí wọ́n bá yàn, kí gbogbo wa tẹ̀ lé e.

Èkejì, kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ kò mọ̀ jọ, kí ó máa fi wọ́n ránṣẹ́ ní ìparí oṣù. Ọ̀rọ̀ àsàlátù, ti ilé-kéwú, ti ìsìnkú, ti ìgbéyàwó: púpọ̀ nínú wọn kò sí nínú àkójọ ẹnikẹ́ni. Bí a bá gba àkójọ tí a ṣà jọ láti inú ìwé àwọn ẹlòmíràn nìkan, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ìlà pupa bá wà lábẹ́ “Ọlọ́hun” fúnra rẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí a kọ ọ́ bí àwọn ẹlòmíràn ti ń kọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a má tọ́jú àkójọ náà fún ara wa nìkan. Fáìlì lásán ni, ó rọrùn láti dà kọ. Àwọn tí kò bá lo Vim lè bẹ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kí ó sọ ọ́ di irú èyí tí Hunspell ń lò, irinṣẹ́ tí ó wà nínú LibreOffice àti Firefox. Kí a fi ta gbogbo ẹgbẹ́ Mùsùlùmí yòókù lọ́rẹ, àní àwọn tí èrò tiwa àti tiwọn kò bá ara mu lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìmọ̀ tí ń ṣe àwọn ènìyàn láǹfààní jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ẹ̀san rẹ̀ kì í dúró lẹ́yìn ikú.

Ẹ̀yin ará mi, n kò lè dá àsìkò ìyá yẹn padà. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí irú rẹ̀ má tún ti ọwọ́ mi wáyé. Ní Ramadan tí ó tẹ̀ lé e, mo tún ìkéde náà kọ, “máa” sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kà á sókè fún ẹnìkejì mi nínú yàrá ìkọ̀wé, òun náà sì kà á sókè fún mi, kí a tó gbé e fún àwọn tí ń tẹ̀wé.

Kí Ọlọ́hun ṣe àforíjìn fún wa níbi tí ọwọ́ wa ti ṣìnà, kí Ó sì tún ọ̀rọ̀ ẹnu wa àti ti kálámù wa ṣe. Àmín.